Mai Châu: Ẹni Tó Gbà Mí Lálejò àti Ẹni Tó Gba Owó Mi

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà mi ni ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí nípa ilé tí mo sùn ní Mai Châu, ní orílẹ̀-èdè Vietnam, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí bí àfonífojì Mai Châu ṣe lẹ́wà tó. Àwòrán rẹ̀ ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tó nǹkan bí 140 kìlómítà sí Hanoi, olú ìlú Vietnam, ọkọ̀ a máa gba orí òkè Thung Khe tí kùrukùru máa ń bò kọjá, àwọn Thái Funfun, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó wà ní Vietnam, ni wọ́n sì ni abúlé Bản Lác tí mo sùn.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn àjò ní Hanoi ni mo sanwó fún. Obìnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ sọ pé owó náà kó ọkọ̀, yàrá tí èmi nìkan yóò sùn, oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ pọ̀. Ó fi bíírò kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì níṣojú mi, mo ní kí ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì lù ú.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni a débẹ̀. Orí òpó igi ni ilé náà dúró sí, ọparun tí wọ́n là pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ òkè rẹ̀, bàtà kì í sì í kọjá ìdí àkàbà. Baálé ilé gba ìwé ìrìnnà mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òfin Vietnam ni pé ẹni tó bá gba àjèjì sùn gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ tó ọlọ́pàá létí. Bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ bọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí iléeṣẹ́ náà fi ṣe amọ̀nà mi sọ pé owó oúnjẹ alẹ́ kò sí nínú ohun tí mo san, pé kí n mú 300,000 đồng, owó Vietnam, wá. Mo yọ rìsíìtì. Ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ kì í ṣe ẹ̀rí. Mo fi òǹtẹ̀ hàn án. Ó pe ọ́fíìsì wọn lórí fóònù, obìnrin ọjọ́sí gan-an ni ó gbé e, mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀, ó sì sọ pé òun kò rántí mi. Amọ̀nà náà wá ní bí n kò bá san án, òun yóò gba ìwé ìrìnnà mi lọ́wọ́ baálé, yóò sì wà lọ́wọ́ òun títí a ó fi padà sí Hanoi.

Ẹni tó bá ń fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àyà ènìyàn. Mo dìde, ohùn mi sì lọ sókè.

Baálé kò gbọ́ èdè tí a fi ń jà, ṣùgbọ́n ìjà kì í fara sin. Ó ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ tán nísàlẹ̀, ó ń gun àkàbà bọ̀ pẹ̀lú ìwé náà. Amọ̀nà na ọwọ́ sí i. Bàbá náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wá síwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó sì tẹrí ba díẹ̀. Ìgbà náà ni ó kọjú sí ọmọkùnrin náà, tí ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan láìpariwo. Ìyá ilé ti gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ gbá ẹní níbi tí ó fẹ́ kí n jókòó sí. Amọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, kò bá wa jẹun.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ọmọdébìnrin ilé náà pe àwọn àgbà níkọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n máa jẹun, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá àgbà, ó sì kà mí mọ́ wọn. A jẹ ẹja yíyan, a jẹ ìrẹsì tí wọ́n sè nínú ọparun, èyí tí a ń fi ọwọ́ bù tí a sì ń tẹ̀ bọ iyọ̀ tí wọ́n gún mọ́ ẹ̀pà àti yanmọtí. Bí àwo mi bá ti fẹ́ gbẹ, ìyá ilé á tún bù sí i. Inú mi rọ̀ pátápátá.

Síbẹ̀, n kò ní torí oore wọn fi òótọ́ pamọ́. Aṣọ ìkélé ni "yàrá" tí wọ́n ṣèlérí fún mi, ibùsùn náà tín-ín-rín, ẹni tó bá sì fẹ́ tọ̀ lóru gbọ́dọ̀ gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn aládùúgbò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, wọ́n ń kọrin títí di ọ̀gànjọ́ òru. Oorun tí mo wá sùn díẹ̀, àkùkọ ni ó já a.

Ní àárọ̀, ìyá ilé jókòó sídìí òfì lábẹ́ ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ igi rẹ̀ bí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣe ń tẹ tiwọn. Mo fẹ́ ra ìborùn. Kí n tó mú ọ̀kan, ó ya èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n rà lọ́jà wá tà, ó sì jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́ ti iléeṣẹ́. Nígbà tí mo fi 300,000 đồng yẹn lọ̀ ọ́ fún oúnjẹ alẹ́, ó ti owó náà padà.

Iléeṣẹ́ Hanoi fèsì sí ẹ̀sùn mi pé àwọn yóò dín owó ìrìn àjò mi tó ń bọ̀ kù. N kò gbà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé náà. Ariwo orin òru ni mo torí rẹ̀ yọ ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó wọ bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Mỹ Đình ní Hanoi, kí ó sì ka owó rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.