LM2907, LM331 àbí Arduino: èwo lẹ máa rà láti sọ pulse di fóltì?

LM2907 àti LM331 jẹ́ IC kéékèèké tó ń sọ pulse, ìyẹn iná tó ń tan tó ń kú léraléra, di fóltì; Arduino ní tiẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré. Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ńsọ̀ YF-S201, tó ń wọn bí omi ṣe ń ṣàn, ṣe é. Bí lítà kan bá gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, 7.5 Hz ló máa ń ta, ìyẹn pulse 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lítà 30 ni òpin agbára rẹ̀, ìyẹn 225 Hz. Ohun tá a ń wá ni kí 225 Hz yìí di fóltì 5 lójú mítà alábẹ́rẹ́.

LM2907 ló rọrùn jù láti tò. Ẹ fi fóltì iná tó wọlé, Hz, R1 (rèsísítọ̀) àti C1 (kapásítọ̀) sọ ara wọn di ìlọ́po, iye fóltì tó máa jáde nìyẹn. Fóltì 12, rèsísítọ̀ 100k, kapásítọ̀ 0.018µF: 4.86 ló máa gbé wá. Ṣé ẹ rí i pé iná tó wọlé wà nínú ìṣirò náà? Bí bátìrì ọkọ̀ bá gòkè dé 14 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mítà á sọ pé 5.67, bẹ́ẹ̀ omi ò lé ẹ̀kán kan. Tó bá jẹ́ bátìrì lẹ máa lò, LM2917 ni kẹ́ ẹ rà. Zener, ìyẹn dáyódù tí kì í jẹ́ kí fóltì gòkè, wà nínú tiẹ̀, ó ń mú iná dúró sí nǹkan bíi fóltì 7.56, ẹ kàn tún R1 àti C1 ṣírò ni.

Ẹ ṣọ́ra fún LM2907 tàbí LM2917 ẹlẹ́sẹ̀ 8 o! Ó fẹ́ pulse tó ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo, pulse YF-S201 kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ẹlẹ́sẹ̀ 14, tàbí kẹ́ ẹ fi kapásítọ̀ sáàárín.

LM331 ò bìkítà bóyá bátìrì gòkè tàbí ó sọ̀, fóltì 1.90 tinú ara rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan. Ó tún péye jù: àṣìṣe bíi 0.06%, nígbà tí ti LM2907 jẹ́ bíi 0.3%. Àmọ́ 10 kHz (10,000 Hz) ni wọ́n ṣe àwòrán rẹ̀ tó wọ́pọ̀ fún. Ẹni tó bá dà á kọ bẹ́ẹ̀, fóltì 0.225 péré ló máa rí. Ẹ pààrọ̀ kapásítọ̀ Ct láti 0.01µF sí 0.22µF, kí CL, kapásítọ̀ ibi tí fóltì ń gbà jáde, sì di 10µF kí abẹ́rẹ́ má baà máa gbọ̀n. Yóò wá máa falẹ̀ díẹ̀ o. Fún omi, kò burú.

Arduino Uno R3 ò ní ẹnu tó ń tú fóltì gidi jáde. PWM ló ní, ìyẹn iná 5 fóltì tó ń tan tó ń kú kíákíá, ìṣísẹ̀ 256, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi 0.02 fóltì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi rèsísítọ̀ àti kapásítọ̀ sẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà lẹ fẹ́ rí lójú LCD, kí lẹ tún ń wá fóltì fún? Ẹ jẹ́ kó ka pulse náà tààrà.