Ẹ̀rọ wo ni kí ẹ rà fún lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìwé?

Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì nọ́ńbà tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ni àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkàwé níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ sábà máa ń bi mí nípa wọn: ẹ̀rọ kékeré olóoru tó ń lo rólù, tí kò nílò yíǹkì, ẹ̀rọ lésà pẹ̀lú ewé lébẹ́ẹ̀lì A4, àti ẹ̀rọ téèpù bíi Brother P-touch. A ti lo olóoru nílé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ń bójú tó, lésà ni a ń lò báyìí, ti téèpù sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu tó máa ń yá mi. Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó, ara páálí rẹ̀ ni ẹ ó ti kà á.

Lẹ́tà tí yóò ṣì hàn

Ibí ni owó wa ti ṣòfò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Ẹ̀rọ olóoru kì í da ohunkóhun sórí lébẹ́ẹ̀lì. Ara ìwé rólù náà ni wọ́n ti fi kẹ́míkà sí. Ibi tí orí ẹ̀rọ bá ti fi ooru kàn án ni yóò dúdú. Irú ìwé tí wọ́n ń fún yín ní rìsíìtì lórí rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ni. Ọkùnrin tó tà á fún wa ní Kòtónú fi gbogbo ẹnu sọ pé lébẹ́ẹ̀lì náà yóò gbó ju ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Páànù ló wà lórí ilé ìkàwé wa, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ooru ń sọ funfun ìwé náà di eérú, ìmọ́lẹ̀ ń fa dúdú lẹ́tà ṣá, àwọn méjèèjì wá pàdé láàárín. Kò pẹ́ tí a fi ń gbé ìwé súnmọ́ ojú ká tó lè mọ̀ bóyá 8 ni tàbí 6. Nígbà tó jẹ́ pé, nínú nọ́ńbà Dewey tí a fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, lítíréṣọ̀ Yorùbá wà ní 896.333, tí ìtàn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì wà ní 966.83, ẹ mọ irú pẹpẹ tí ìyẹn ń bí.

Èyí tó wá dùn wá jù: àwọn tí a fi sẹ́lótéèpù bò kí wọ́n má baà bàjẹ́ ló kọ́kọ́ ṣá. Ohun tí wọ́n fi ń mú kí ọ̀rá téèpù rọ̀ máa ń wọnú lébẹ́ẹ̀lì, á sì ba kẹ́míkà náà jẹ́. Òróró àti ìpara ọwọ́ náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú rólù tí wọ́n ń tà fún yín, ẹ yára fi èékánná ha á lójú. Bí ìlà dúdú bá yọ, olóoru ni, ohun yòówù tí olùtajà ìbáà máa sọ.

Ẹ má fi eléyìí pe irú ẹ̀rọ Zebra tó ń lo ríbọ́ǹnì o. Ìyẹn ń yọ́ yíǹkì láti ara ríbọ́ǹnì sórí lébẹ́ẹ̀lì, ó sì ń pẹ́ dáadáa. Ilé ìkàwé ńlá ló yẹ, ẹni tó bá sì rà á gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti máa rí ríbọ́ǹnì rà.

Tónà lésà, ike lúbúlúbú ni. Ẹ̀rọ á yọ́ ọ mọ́ ìwé pẹ̀lú ooru tó tó nǹkan bí 200°C. Oòrùn kì í fà á ṣá, omi kì í tú u. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ìwé bá ń ha ara wọn lórí pẹpẹ, ó lè máa hó, sẹ́lótéèpù á sì wo ìyẹn sàn. Ti téèpù P-touch pẹ́ ju gbogbo wọn lọ, mi ò ní parọ́: abẹ́ ọ̀rá ni lẹ́tà rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ oníyíǹkì olómi ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé tó làágùn ti tó láti bà á jẹ́.

Ohun tí ẹ ó máa rà lẹ́yìn ẹ̀rọ

Téèpù P-touch kan, mítà 8 péré ni, ẹ̀rọ sì máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ ṣòfò níwájú kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀, àfi tí ẹ bá to lébẹ́ẹ̀lì púpọ̀ tẹ̀ léra wọn. Nínú àwọn olóoru, Dymo LabelWriter 550 kì í tẹ rólù tí kò bá ní ṣíìpù ilé iṣẹ́ rẹ̀ nínú. Ewé A4 tó ní lébẹ́ẹ̀lì 65, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é, ẹ̀rọ lésà ò bi í léèrè.

Iná

Lésà ń jẹ iná púpọ̀, ínfátà kékeré kò lè gbé e. P-touch púpọ̀ ń lo bátìrì. Ọ̀rẹ́ mi ní Kétu kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ míì lórí èyí. Tèmi ni pé kí n fi fáìlì sínú flash, kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fótókópì tó ní jẹnẹrétọ̀.

Títò

Olóoru àti téèpù kò ní wàhálà níbí. Ti lésà gba sùúrù. Bí Koha (ètò kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé) tàbí Word bá ṣètò ojú ewé sí Letter dípò A4, lébẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ yóò ti yẹ̀ kúrò láyè wọn, nítorí Letter fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kúrú ju A4 lọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lásán, ní 100%, kí ẹ gbé e lé ewé lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má sì dá ewé tí ẹ ti ya díẹ̀ lára rẹ̀ padà sínú lésà: gọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ìwé tuntun pọ̀ tó ewé kan kí ẹ tó tẹ̀.

Èwo wá ni?

Kálukú ló ní ibi tó wúlò sí. Olóoru dára fún páálí àti ìwé ìròyìn tí a ó kó dànù lọ́dún tó ń bọ̀. Téèpù dára fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀, tí owó rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé tó pọ̀ díẹ̀, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ó sì fẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì tòní ṣeé kà fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó wo lésà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń ta olóoru tẹ lébẹ́ẹ̀lì kan fún yín, ẹ tẹ òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù fótókópì, kí ẹ lẹ méjèèjì mọ́ páálí kan, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ìdajì wọn, kí ẹ sì gbé e síwájú gíláàsì mọ́tò tó ń sùn sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.