Dúdú àbí Pupa? Bí a ṣe ń ka ìwọ̀n láàbù ká tó ra sípíkà kékeré

Ọ̀kun o. Ẹni tó bá ti fẹ́ ra sípíkà kékeré méjì, irú èyí tí a ń gbé sórí pẹpẹ ìwé tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, á ya fọ́tò páálí méjì ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, èwo ló lágbára jù?” Èmi kì í fi páálí dáhùn mọ́. Ó ti já mi kulẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì. Ká pe ọ̀kan ní Dúdú, ká pe èkejì ní Pupa. Èmi ni mo ṣẹ̀dá wọn fún àpẹẹrẹ, ẹ má wá wọn lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n irú nọ́ńbà tó wà lára wọn kún orí àtẹ.

Dúdú: 88 dB, 4 ohm, 45 Hz sí 22 kHz, 150 wáàtì.
Pupa: 86 dB, 8 ohm, 58 Hz sí 20 kHz láàárín ±3 dB, 80 wáàtì.

dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó. Ohm ni bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Hz (kHz kan jẹ́ 1,000 Hz) ni wọ́n fi ń ka bí ohùn ṣe nípọn tàbí tó tín-ín-rín: béésì ni nọ́ńbà kékeré. ±3 dB ní pé láàárín ibẹ̀, ohùn kì í gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ju 3 dB lọ.

Lójú páálí, Dúdú ti borí.

Ẹ wá jẹ́ ká tú 88 yẹn wò. Wọ́n máa ń fi iná 2.83 fóòtì sínú sípíkà, wọ́n á gbé máìkì síwájú rẹ̀ ní mítà kan, wọ́n á wá wo bí ohùn ṣe ròkè tó. Fóòtì kan náà ni fún gbogbo sípíkà, àmọ́ wọn kì í mu iná bákan náà. Pẹ̀lú fóòtì yẹn, sípíkà 8 ohm ń mu wáàtì kan. 4 ohm ń mu méjì. Ìlọ́po méjì wáàtì sì ń fi 3 dB kún ohùn. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 88 ti Dúdú, ó ku 85 fún wáàtì kan. Pupa ń fún wa ní 86. Ẹni tí a pè ní alágbára, ọ̀jẹun lásán ni.

Òótọ́ ni pé 1 dB kò tó nǹkan, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà ni ampilifáyà. Àbúrò mi kan gbé irú Dúdú bọ̀ sí Kàbà láti Lọ́kọ́ja nígbà Kérésìmesì kan. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ampilifáyà rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé kí sípíkà má kéré sí 8 ohm. Ta ló ka ẹ̀yìn ampilifáyà? Bí a bá ti gbé ohùn sókè díẹ̀, tí béésì bá dún gbì, ampilifáyà á pa ara rẹ̀, iná pupa á máa ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tan án padà. Nígbà kẹrin, orí rẹ̀ ti gbóná débi tí mi ò lè fọwọ́ lé e. A kọ́kọ́ dá ìnfátà lẹ́bi.

Gíráàfù ohm, irú èyí tí àwọn tó ń wọn sípíkà ní láàbù máa ń yà, ni ì bá ti sọ fún wa. Ohm sípíkà kì í dúró sójú kan: ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ bí ohùn bá ṣe nípọn tàbí tó tín-ín-rín. Ibi tó ti lọ sílẹ̀ jù ni kí ẹ wá. Ìlànà àgbáyé fún sípíkà, IEC 60268-5, sọ pé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iye tí wọ́n kọ: 6.4 fún sípíkà 8 ohm, 3.2 fún 4 ohm. Bí gíráàfù bá fi hàn pé ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, páálí ti purọ́ nìyẹn.

Ní ti béésì, 45 Hz ti Dúdú kò ní ± kankan lẹ́yìn. Wọ́n lè kà á láti ibi tí ohùn ti já wálẹ̀ ní 10 dB, níbi tí béésì ti rẹlẹ̀ gan-an. Nínú gíráàfù láàbù tí mo fọkàn yà fún Dúdú yìí, 60 Hz ló ti já wálẹ̀ ní 3 dB. Pupa tó sọ òótọ́ ní 58 kò gbẹ́yìn rárá. Wáàtì 150 àti 80 ńkọ́? Ìyàtọ̀ wọn kò pé 3 dB, ìwọ̀n ohun tí sípíkà lè fara dà sì ni, kì í ṣe ohun tó ń mú jáde. Ẹ fò ó.

Gíráàfù ohùn, tó ń fi hàn bí ohùn ṣe ròkè tó láti béésì dé tírébù, gan-an ló yẹ kí ẹ jókòó tì. Kí ẹ tó wo ìlà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lápá òsì. Bí wọ́n bá na gíráàfù láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní 100 dB, òkè 4 dB á rí bí èèrà, gbogbo sípíkà á sì tẹ́jú bí tábìlì. 50 dB ni mo fẹ́ràn láti rí.

Ìlà iwájú, ohùn tí máìkì gbọ́ níwájú sípíkà gan-an, nìkan kò tó. Floyd Toole, onímọ̀ nípa ohùn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní NRC, àjọ ìwádìí ìjọba Kánádà, ní 1965 tó sì lọ sí Harman, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, ní 1991, wà lára àwọn tó fi hàn pé ohùn tó gba ẹ̀gbẹ́ jáde ń ka gan-an nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí ìlànà wíwọn sípíkà tí wọ́n ń pè ní CTA-2034 (CEA-2034 tẹ́lẹ̀) fi ń yí sípíkà po, tó ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 70, ní ìbú àti ní òró.

Fún àwa ńkọ́? Páálọ̀ ilé wa, ògiri síméńtì ni, ilẹ̀ táìlì, kọ́tìnì fẹ́lẹ́. Ohùn tó bá ṣá lọ sí ẹ̀gbẹ́ á ta padà sí wa létí. Ìlà iwájú Dúdú tẹ́jú, àfi òkè 4 dB kan ní 9 kHz. Ẹ wo ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wàyí: kòtò wà ní 2 kHz, òkè sì wà ní 4 kHz. Wúfà ńlá, ẹnu sípíkà tó ń gbé béésì jáde, ló fà á. Bí ohùn bá ti ń tín-ín-rín, iwájú nìkan ló ń dojú kọ, kí túwítà, ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tún fọ́n ohùn káàkiri. Túwítà Pupa jókòó sínú àwo kótópó kan tó ń darí ohùn, nítorí náà àwọn ìlà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, bí ìlà orí páànù.

Ohun tí etí ń gbọ́ nìyí: níwájú Dúdú, obìnrin tó ń lé orin dún dáadáa. Ẹ sún sí àga ẹ̀gbẹ́, ohùn rẹ̀ á rù, “s” rẹ̀ á sì máa gé etí. Pẹ̀lú Pupa, ẹ lè dìde lọ bu omi mu, obìnrin yẹn náà ni. Òkè 9 kHz ti iwájú, ẹ lè fi tírébù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìlà ẹ̀gbẹ́ tó wọ́, kò sí bọ́tìnì tó ń tò ó.

Pupa ni màá rà, àyàfi tí owó Dúdú bá fi púpọ̀ kéré. Tó bá di abẹ́ 200 Hz tàbí 300 Hz, yàrá yín ló ń pàṣẹ: ẹ má ti èyíkéyìí wọ kọ̀rọ̀, béésì á wú bí gàrí tó mu omi.

Àbúrò mi kò ta tirẹ̀. Ó ra ampilifáyà tó gba 4 ohm, ó yí tírébù wálẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló dáa fún orin nínú páálọ̀ yẹn báyìí, òun ló sì ń jókòó síbẹ̀.