Ìlànà aláìlówáyà: ká fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò ni, àbí ká gbé e lọ síta?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí mo bá ti kọ ìlànà tí ẹ̀rọ méjì yóò fi máa bára wọn sọ̀rọ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kò ní àbùkù? Ọ̀nà méjì ló wà: ìṣirò, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà tí ìlànà tí a kọ fún un lè gbà rìn wò; àti ìdánwò ìta, ìyẹn ká gbé rédíò jáde ká fi dán an wò.

Ní ti owó, Spin, ètò kọ̀ǹpútà fún irú ìṣirò yìí tí Gerard Holzmann ṣe ní Bell Labs, ọ̀fẹ́ ni. Ìdánwò ìta ń fẹ́ rédíò, bátìrì, àti owó ọkọ̀ láti Tákíé dé ọgbà LAUTECH. Ìdánwò ìta ló yá bẹ̀rẹ̀, torí ìṣirò ní èdè tirẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́.

Ewu ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ìlànà Needham-Schroeder oníkọ́kọ́rọ́ gbangba, tí ẹni méjì fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí ẹ̀rọ (kì í tilẹ̀ ṣe ti aláìlówáyà), jáde ní 1978. Ó di 1995 kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Gavin Lowe tó rí àbùkù rẹ̀. Ẹ gbé e lọ síta lójoojúmọ́, yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa ni! Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá kọ fún ìṣirò, kò lè rí i. Wọ́n ti fi ìṣirò jẹ́rìí sí ìbọwọ́ WPA2 (bí ẹ̀rọ àti Wi-Fi ṣe ń fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀) ní 2005. Síbẹ̀, ní 2017, olùwádìí ààbò Mathy Vanhoef fi hàn pé a lè mú kí ẹ̀rọ tún fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ síbẹ̀, ohun tí ìṣirò yẹn kò wò.

Bó bá jẹ́ ti kọ́kọ́rọ́, ìdánimọ̀, tàbí ẹ̀rọ méjì tó ń dúró de ara wọn títí, ìṣirò ni kí ẹ mú. Bó bá jẹ́ ti ògiri, òjò, bátìrì tàbí bí ìgbì ṣe ń jìnnà tó, ẹ gbé rédíò yín jáde.