Orin tí Wọ́n Yàn ní Ìdíje Van Cliburn ti Ọdún 2022

Mo ṣì máa ń padà sórí YouTube láti wo ìdíje píánò Van Cliburn ti ọdún 2022, èyí tí ó wáyé ní Fort Worth ní ìpínlẹ̀ Texas. Kì í ṣe ìyára ìka ni mo ń wá lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dé irú ibẹ̀ tí ìka rẹ̀ kò ní yá. Orin tí olúkúlùkù yàn ni mo máa ń tẹ́tí sí.

Yunchan Lim, ọmọ Gúúsù Kòríà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà náà, ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, kò sì sí ẹni tí ó kéré tó o lọ́jọ́ orí tí ó tíì gbà á láti ọdún 1962 tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀. Concerto kẹta (orin tí píánò àti ẹgbẹ́ olórin ńlá jọ ń kọ) ti Rachmaninoff tí ó tẹ̀ ní àṣekágbá ni gbogbo ènìyàn ń ròyìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ni ó ti fakọyọ jù, níbi tí ó ti tẹ gbogbo Transcendental Études 12 ti Liszt, àwọn orin ìdánrawò píánò tí ó le gan-an, tán ní ìjókòó kan, fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí ó bá kọsẹ̀ nínú ìkẹta ṣì ní mẹ́sàn-án níwájú! Ẹ gbọ́ ìkarùn-ún, Feux follets: ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ ohùn méjì méjì pọ̀ wéréwéré, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pariwo. Ọ̀pọ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan kí àṣìṣe má bàa hàn. Lim tẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo ohùn sì dá ṣáká. Àléébù kan ni pé, nígbà tí yóò fi dé ìkẹjọ, ariwo Liszt ti ń sú etí mi díẹ̀.

Anna Geniushene ará Rọ́ṣíà, tí ó gba fàdákà, ni mo gbà pé ó mọ orin yàn jù ní àṣekágbá. Concerto àkọ́kọ́ ti Beethoven, tí ó kún fún ẹ̀fẹ̀, ni ó fi ṣíde, kí ó tó gbé concerto àkọ́kọ́ ti Tchaikovsky kalẹ̀. Orin yìí wà lára ohun tí Van Cliburn fúnra rẹ̀, atẹpíánò ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìdíje náà, fi borí nínú ìdíje kan ní Moscow ní ọdún 1958, nítorí náà kò sí ibi tí ẹni tí ó bá gbé e wá sí Fort Worth lè sá pamọ́ sí. Geniushene kò tilẹ̀ gbìyànjú láti sá: kò kánjú, ohùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì rinlẹ̀.

Dmytro Choni ará Ukraine gba bàbà. Concerto kẹta ti Prokofiev bá ọwọ́ rẹ̀ mu gan-an. Clayton Stephenson ará Amẹ́ríkà kò gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n concerto ti Gershwin tí ó mú wá tu ènìyàn lára lẹ́yìn gbogbo orin tí ó wúwo yẹn. Bí àyè kan ṣoṣo bá wà fún yín lálẹ́, Liszt ti Lim ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ sì sinmi díẹ̀ kí ẹ tó dé orí ìkẹjọ.