Trinidad ilẹ̀ Kúbà: ọjọ́ mẹ́fà láàárín òkun Ancón àti ilé ìṣọ́ Iznaga

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín pé kì í ṣe Trinidad àti Tòbágò ni mò ń sọ. Trinidad tí mo lọ jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù erékùṣù Kúbà, ìlú àtijọ́ tí Diego Velázquez ará Sípéènì tẹ̀ dó ní 1514. Òkè Escambray ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Òkun Kàríbíà ló wà níwájú. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ lọ láti London nínú oṣù Kejì. Owó ara wa la ná, ọjọ́ mẹ́fà gbáko la sì lò níbẹ̀. Mo ń kọ èyí nítorí pé nígbàkígbà tí mo bá dárúkọ Kúbà láàárín àwọn èèyàn wa níbí, Varadero ni gbogbo ẹnu ń sọ, àfi bíi pé kò sí ibòmíì.

Mi ò bá Varadero jà. Etíkun rẹ̀ gùn tó ogún kìlómítà, iyanrìn rẹ̀ sì funfun. Ṣùgbọ́n àríwá ló kọjú sí, níbi tí omi ti ya Kúbà sọ́tọ̀ kúrò lára Florida. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ nínú Òkun Kàríbíà gan-an, gúúsù ni kó forí lé. Playa Ancón ni etíkun Trinidad, ó tó kìlómítà méjìlá sí àárín ìlú. Takisí la wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì a háyà kẹ̀kẹ́, a rọra wà á gba ọ̀nà La Boca, abúlé àwọn apẹja tó wà níbi tí odò Guaurabo ti wọ òkun. Bí ẹsẹ̀ yín bá gbà á, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yẹn ni kí ẹ gbà. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín ní gbogbo ìrìn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá.

Omi Ancón mọ́ gaara. Mo wọ inú rẹ̀ títí ó fi mù mí dé àyà, mo ṣì ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan tí kò tóbi ju ìka lọ ń yí kókósẹ̀ mi ká, bí mo bá mira wọ́n á tú ká, bí mo bá dúró wọ́n á tún padà wá. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni ohun tí mo rí nígbà tí mo kẹ̀yìn sí òkun: òkè ńláńlá tó dúdú bí aró, tó tò láti apá kan dé apá kejì, ìkùukùu sì bò ó lórí. Mo dúró sínú omi gbígbóná, mo ń wo òkè. Mo ti dé etíkun tó pọ̀ díẹ̀ láyé mi, mi ò tí ì rí èyí tó ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Àléébù ibẹ̀ ni kòkòrò. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn kòkòrò tín-íntín tí wọ́n ń pè ní jejenes á jáde látinú igi inú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn etíkun. Ẹ ò ní rí wọn, ara yíyún lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹsẹ̀ àbúrò mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kúrò níbẹ̀ kó tó di aago márùn-ún. Àwọn ọtẹ́ẹ̀lì ńlá díẹ̀ wà létí omi, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa sùn síbẹ̀ nígbà tí ìlú bíi Trinidad wà nítòsí.

Ilé onílé la dé sí, èyí tí wọ́n ń pè ní casa particular. Àmì búlúù tó jọ ìdákọ̀ró wà lára ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀, àmì ìjọba ni, ó fi hàn pé onílé gbàṣẹ láti gba àlejò. Yúrò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n là ń san lálẹ́ kan fún yàrá ẹlẹ́ni méjì, oúnjẹ àárọ̀ sì jẹ́ yúrò márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ẹyin, búrẹ́dì, ìbẹ́pẹ, gúáfà àti kọfí tó le bí oògùn. Màmá onílé ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àbúrò mi tó gbọ́ èdè Sípáníìṣì ló ń ṣe ògbufọ̀. Ọmọ mi ni màmá náà ń pè wá, a sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ti ń dúró de ìkúnlẹ̀ wa kó tó da kọfí.

Ilé màmá yẹn fúnra rẹ̀ ju ilé ọnà lọ. Bí gbogbo ilé àtijọ́ Trinidad ló rí: amọ̀ pupa ni wọ́n fi bo òrùlé, àjà rẹ̀ ga fíofío, igi lódindi ni wọ́n sì tò síbẹ̀. Fèrèsé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, kò ní gíláàsì, ọ̀pá ni wọ́n tò sí i lójú. Ilé tó dàgbà jù, ọ̀pá igi tí wọ́n gbẹ́ ni; èyí tí wọ́n kọ́ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, irin ni. Afẹ́fẹ́ á gba ojú pópó wọlé, á gba àgbàlá jáde, ẹ ò ní rántí fáànù. Lókè ilẹ̀kùn ni mediopunto máa ń wà, gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n gé bí ìlàjì òṣùpá. Láàárọ̀, bí oòrùn bá ti là, àwọ̀ pupa, búlúù àti ìyeyè á bọ́ sórí aṣọ ibùsùn mi, á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ara ògiri. Mo máa ń dùbúlẹ̀ wò ó títí ó fi máa dé ibi àwòrán ọkọ màmá tó ti kú.

Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà ní Èkó, ojú rẹ̀ á tètè mọ́ra níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Brazil ni ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà ti wá. Àwọn kan padà wálé láti Kúbà náà, àwa la kàn gbàgbé wọn: Campos Square ní Èkó, orúkọ Hilario Campos tó ti Kúbà dé ló ń jẹ́.

Ní Plaza Mayor, gbàgede àárín ìlú, ẹ wọ Palacio Brunet tó ti di Museo Romántico, kí ẹ rí bí àwọn olówó ṣúgà ṣe ń gbé. Ẹ sì gun ilé gogoro Palacio Cantero fún ìwòye gbogbo ìlú. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì ìlú náà, nítorí náà bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀, báàgì onítáyà á fọ́ sí yín lọ́wọ́. Lálẹ́, àwọn èèyàn máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún orin àti ijó, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Ẹ béèrè canchánchara, ọtí ìrèké tí wọ́n fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ pò, inú ife amọ̀ ni wọ́n máa ń bù ú sí.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà tí a ṣe tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe. Ọjọ́ kẹrin la tó lọ sí Valle de los Ingenios, àfonífojì àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta bojú wa, a ń yìn ilé ẹlẹ́wà láìmọ ẹni tó san owó rẹ̀.

Ibẹ̀ tó kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìlú. UNESCO kọ àfonífojì náà àti ìlú Trinidad pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá àgbáyé ní 1988. Nígbà tí ṣúgà ń pa owó jù lọ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ó lé ní àádọ́ta ilé iṣẹ́ ṣúgà tó wà níbẹ̀, àwọn ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn àti nínú oko ìrèké lé ní 30,000. Ìdílé Iznaga kọ́ ilé ìṣọ́ kan sáàárín oko wọn, alájà méje, ó ga ní mítà 45. Láti orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tó ń gé ìrèké. Agogo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń lù kí ẹrú tó dìde, òun náà ni wọ́n ń lù kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

A gun àtẹ̀gùn igi náà dókè. Mo fi ojú ara mi rí i pé kò sí ibi tí èèyàn lè forí pamọ́ sí nínú gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo rí agogo náà nílẹ̀, wọ́n ti gbé e kúrò lókè tipẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, oòrùn ti mú un gbóná. Àbúrò mi kọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò mọ ẹni òun tí wọ́n fi jí láàárọ̀.

Lóòótọ́ la ò mọ̀. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ ilé wó, tí ogun ń jà kárí ilẹ̀ wa, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ tà sí Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Kì í ṣe àwa nìkan, àwọn ará Kóńgò pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Kúbà. Ní Trinidad, owó ṣúgà ti sá lọ síbòmíì ṣáájú ìgbà yẹn, kò sì sí ẹni tó lówó láti wó ilé àtijọ́ kó kọ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tí ilé wọ̀nyí fi wà títí dòní.

Lọ́jọ́ karùn-ún la wọ Templo Yemayá, ilé òrìṣà kan tí kò jìnnà sí Plaza Mayor. Ère obìnrin dúdú kan jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ búlúù àti funfun. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú igbá omi, ó ta á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: “Omi tuto, ona tuto, ilé tuto.”

Ẹnu mi dáhùn kí n tó mọ̀: “Omi tútù, ọ̀nà tútù, ilé tútù.”

Bàbá gbójú sókè. Ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Àbúrò mi ní wọn ò kọ́ wa, èdè tí ìyá wa fi ń bá wa wí ni. Ó ní kí n pe orúkọ òrìṣà náà bí a ṣe ń pè é nílé. Mo ní Yemọja. Ó ní kí n tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pè é, ètè rẹ̀ sì ń bá mi lọ láìsí ohùn. Kò gba owó lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìnira wàyí, torí ó pọ̀. Iná ń lọ ní Kúbà, kì í ṣe fún wákàtí kan o, nígbà míì ó máa ń lo ọ̀sán àti òru. Ẹ gbé pawa báǹkì àti tọ́ọ̀ṣì dání. Káàdì báǹkì ò wúlò púpọ̀. Owó yúrò lọ́wọ́ ni kí ẹ kó, kí ó jẹ́ wẹ́wẹ́, nítorí ṣéńjì ṣòro. Ẹ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì kún D'Viajeros, fọ́ọ̀mù ìwọlé Kúbà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tó ń lo ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021 kò ní lè fi ESTA, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí kò nílò físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, àfi kó lọ gba físà. Àbúrò mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Houston, ó yẹ ká ti mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ní Havana, ẹnì kan tó ń bá àlejò wá mọ́tò gba yúrò ogójì lọ́wọ́ wa, a jí ní aago mẹ́fà, a dúró títí di aago mẹ́sàn-án, kò wá, kò sì gbé fóònù. Ẹ má sanwó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀sì Viazul la padà wọ̀, ó ju wákàtí mẹ́fà lọ lójú ọ̀nà, ara ro wá, ṣùgbọ́n ó gbé wa débẹ̀.

Ọṣẹ, oògùn orí fífọ́ àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ẹ kó wọn dání fún àwọn tí ẹ bá dé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Màmá onílé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ tí a ń lọ ni mo rí i tó ń fi ìpara tó ti tán nínú rọ́bà ra orúnkún rẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka ha ìdí rẹ̀. Mo ti ra mẹ́rin, wọ́n wà nínú àpò ìrìnnà mi, a sì ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú ti oṣù Kọkànlá.