Àgbéyẹ̀wò Chevelle 1970 mi: bírékì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí léèrè nípa mọ́tò mi yìí, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Chevrolet Chevelle Malibu 1970 ni, onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì V8 350 (350 cubic inch ni ìwọ̀n inú ẹ̀), kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin, àwọ̀ búlúù. Houston ni mò ń gbé, mo sì ń wà á dáadáa, mi kì í fi aṣọ bò ó sí gáréèjì. Mo ti wà á nínú òjò, mo ti wà á nínú oòrùn August ti Texas tó ń bó èèyàn lórí, mo ti gbé e lọ Dallas, mo ti gbé e lọ San Antonio, òun náà ni mo máa ń gbé lọ ra iṣu àti ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: muscle car, ìyẹn mọ́tò àárín tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí, èyí tó lè sáré wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, èyí tó ṣe é dá dúró nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́, tó ṣe é yí, tó ṣe é wà lọ sọ́nà jíjìn ló ṣọ̀wọ́n, ibẹ̀ ló sì yẹ kówó yín kọ́kọ́ lọ.

Láti kékeré ni ìfẹ́ nǹkan yìí ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan wá kàwé ní Texas láyé ìgbà tówó epo rọ̀bì ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wá síbí wìtìwìtì, tí Texas Southern University kún fún àwọn èèyàn wa. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sílé nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ Pontiac kan tó gùn gbọọrọ ló dúró sí. Gbogbo àwa ọmọdé ilé la mọ fọ́tò yẹn, àwọn yòókù ń wo ṣòkòtò ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà, èmi ń wo mọ́tò. Nígbà témi náà wá dé Amẹ́ríkà, Nova ni mo kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn ẹ̀ Firebird, mo ta méjèèjì, Chevelle yìí ni mi ò lè tà, ìyàwó mi gan-an ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ pé mo fẹ́ tà á.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ 1970 ni mo wá kiri. Ọdún 1964 ni eré muscle car yìí bẹ̀rẹ̀ gidi, nígbà tí John DeLorean àtàwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Pontiac gbé ẹ́ńjìnnì 389 tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ńlá sínú Tempest tó jẹ́ mọ́tò àárín. Òfin wà ní General Motors (GM), ilé iṣẹ́ tó ni Pontiac àti Chevrolet, pé mọ́tò àárín ò gbọdọ̀ lo ẹ́ńjìnnì tó ju 330 cubic inch lọ, ni wọ́n bá dọ́gbọ́n, wọn ò pè é ní mọ́tò tuntun, wọ́n ní àfikún tí oníbàárà lè béèrè fún ni, bí GTO ṣe jáde nìyẹn. Látìgbà náà ni Chevrolet, Ford, Dodge, Plymouth, Buick àti Oldsmobile ti ń lé ara wọn kiri, nígbà tó fi máa di 1970, Chevelle SS 454 (SS ni Super Sport, ẹ̀yà tó lágbára jù) tó ní ẹ́ńjìnnì LS6 ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú 450 horsepower, ẹ ronú ẹ̀ wò, mọ́tò tí bàbá kan máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé! Ọdún tó tẹ̀ lé e ni nǹkan yí padà. GM dín compression, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọn kí wọ́n lè máa lo epo tí lẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ò pọ̀. 350 bíi tèmi, 10.25 sí 1 ni ní 1970, 300 horsepower, ó di 8.5 sí 1 ní 1971, 270 horsepower. Ní 1972 wọ́n tún yí bí wọ́n ṣe ń kà á padà, wọ́n wá ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú sílẹ́ńsà àti gbogbo ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń gbé lórí, nọ́ńbà bá tún já wálẹ̀. Owó insurance ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀, nígbà tọ́wọ̀n epo wá dé ní 1973, ó parí. Ìdí tí mo fi fẹ́ 1970 nìyẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí 1971 tàbí 1972 tí irin ẹ̀ le, ẹ rà á, irin tó le ju horsepower lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ irin yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Chevelle máa ń dógùn-ún lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, nínú búùtù, àti lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn nísàlẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi fáínìlì bo òrùlé ẹ̀ torí omi máa ń sá pa mọ́ sábẹ́ fáínìlì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ mú òòfà kékeré dání, ẹ fi áńkáṣífù wé e kó má ha ọ̀dà olódà, kẹ́ ẹ máa fi kan ara mọ́tò díẹ̀díẹ̀, ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, body filler ni wọ́n fi dí i, irin ò sí lábẹ́ ẹ̀ mọ́ tàbí kó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún SS tí wọ́n ń fẹnu ṣe. Lọ́dún 1970, àfikún ni SS jẹ́ lórí Malibu, nọ́ńbà ara mọ́tò ò lè sọ fún yín bóyá SS ni tàbí òun kọ́, ẹnikẹ́ni lè ra àmì SS kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ohun tó lè jẹ́rìí ni bébà tí wọ́n fi to mọ́tò náà ní fákítìrì, ó sábà máa ń wà lórí tànkì epo láàárín tànkì àti ilẹ̀ búùtù. Nígbà tí mo sọ tànkì tèmi kalẹ̀, mo bá a níbẹ̀, ó ti pọ́n, eku ti jẹ etí ẹ̀ kan, àmọ́ ó ṣì ṣe é kà: Malibu, 350, kò sí SS níbì kankan. Inú mi dùn gan-an. Àmì Malibu ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ dòní, mi ò ní yọ ọ́ láéláé.

Ó yá, bírékì. Mọ́tò yìí lé ní 3,000 pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wá pẹ̀lú drọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó máa dúró. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré, drọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára ṣúù, ṣúù fúnra ẹ̀ náà á gbóná débi tí kò ní lè di nǹkan mú mọ́, pẹ́dà á wá máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Tómi bá wọnú ẹ̀, ó lè fa mọ́tò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá ti wà lórí fríwèé I-45 ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń já wọ iwájú èèyàn, mọ́tò ìsinsìnyí níwájú yín máa dúró kíá, tiyín ṣì ń bọ̀.

Mo yọ drọ́ọ̀mù iwájú kúrò, mo fi dísíkì sí i, rotor onínṣì 11, caliper oní-piston kan, irú èyí tí GM fúnra wọn ń tà bí àfikún nígbà yẹn náà ni, nǹkan tó bá mọ́tò mu ni. Mo fi booster tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bírékì sí i, mo fi fáàfù tó ń pín agbára bírékì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn sí i, torí mo fi drọ́ọ̀mù sílẹ̀ lẹ́yìn, tí ẹ ò bá sì fi fáàfù yẹn sí i, ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ di pa kí mọ́tò wá fẹ́ yí po. Ẹ má fi master cylinder tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì bírékì lọ síbi táyà, sí i gbẹrẹfu o, ẹ kọ́kọ́ dè é mọ́ orí tábìlì, ẹ da ọ́ìlì bírékì sí i, kẹ́ ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fi tán, ẹ ó máa rí i tó ń hó, ìgbà tí kò bá hó mọ́ ni kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sára mọ́tò. Nígbà tá a parí tèmi, mo gbé e lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ṣófo, mo sá a dé 40 máìlì ní wákàtí kan, mo tẹ bírékì, imú ẹ̀ tẹ̀ ba, ó dúró gbagidi, kò fà sápá ọ̀tún, kò fà sápá òsì. Inú mi dùn sí i ju gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì tí mo ti gbọ́ láyé mi lọ.

Stíárìn wá tẹ̀ lé e. Stíárìn ìgbà yẹn rọ̀ púpọ̀, ẹ máa yí ọwọ́ títí kí imú mọ́tò tó gbọ́. Àpótí stíárìn Monte Carlo SS ti àwọn ọdún 1980 bọ́ sí i lára wẹ́kú, ó yára ju tàtijọ́ lọ dáadáa, ẹnu páìpù ọ́ìlì ẹ̀ yàtọ̀, adapter kékeré ló sì yanjú ìyẹn. Lẹ́yìn, mo pààrọ̀ apá ìsàlẹ̀ méjèèjì tó di àksùlì mú, torí irin tí wọ́n tẹ̀ láìdé ẹnu ẹ̀ ni tàtijọ́, ó máa ń lọ́ tí agbára bá wọ̀ ọ́, èyí tí mo fi sí i bo yíká. Mo fi sway bar náà sí i, irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. Táyà rédíàlì pọn dandan, mi ò ní fi ìyẹn gbà yín láàyè rárá.

Gíà ló ná mi lówó jù, òun náà ló sì yí ayé mọ́tò yìí padà jù. Turbo 350 ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, gíà mẹ́ta, ó le bí òkúta, kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ àksùlì mi jẹ́ 3.31 (sháàfù máa ń yí ìgbà 3.31 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tí mo bá ń lọ ní 70 máìlì, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi 2,900 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ariwo ni títí dé Dallas, ẹ ò lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó sọ̀rọ̀. Mo fi 200-4R sí i, gíà mẹ́rin tí GM ṣe láwọn ọdún 1980, gíà kẹrin ẹ̀ jẹ́ 0.67, eré kan náà wá di nǹkan bíi 2,000. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án ni pé gígùn ẹ̀ bá Turbo 350 dọ́gba, wọn ò ní láti gé sháàfù, irin tó gbé e ró lábẹ́ nìkan la sún sẹ́yìn. Àmọ́ o, wáyà kan wà tó ti ara kábúrétọ̀ lọ sínú gíà, TV cable ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún gíà bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó. Tí wáyà yẹn bá dẹ̀, ọ́ìlì inú gíà ò ní lágbára tó, clutch inú ẹ̀ á jóná láìpẹ́ rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tò, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó.

Ẹ́ńjìnnì tí mo wá fi sẹ́yìn, mi ò ba ẹ̀wà ẹ̀ jẹ́. A fi ìjókòó fáàfù tó le sí ibi èéfín ń gbà jáde torí epo òde òní ò ní lẹ́ẹ̀dì tó ń dáàbò bo ti àtijọ́. Mo yọ contact set kúrò, mo fi HEI, ẹ̀rọ electronic tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì, sí i. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: wáyà tó ń lọ síbi contact set tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó dín iná kù ni, HEI sì fẹ́ fóòtì 12 pé. Ẹ jẹ́ kí rewire fa wáyà tuntun láti ibi fíúsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á máa wúkọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa sọ pé kábúrétọ̀ ni. Rédíétọ̀ alúmíníọ̀mù wà níwájú ẹ̀, pẹ̀lú ike tó bo fáànù yíká kó lè fa afẹ́fẹ́ gba inú rédíétọ̀ kọjá, nínú go-slow Houston, ike yẹn ṣe pàtàkì ju rédíétọ̀ fúnra ẹ̀ lọ lójú tèmi. Kámù, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, èyí tí mo fi sí i ò tóbi. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ohùn tó ń mì tìtì yẹn, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n kámù tó bá tóbi jù máa ń pa vacuum, ìyẹn agbára ìfà inú ẹ́ńjìnnì, booster bírékì sì ń jẹ vacuum.

Pátì ò wọ́n, ìyẹn ni ire tó wà nínú Chevelle, fẹ́ẹ̀rẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe tuntun, látorí kápẹ́ẹ̀tì dórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èèyàn ló wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbí tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gba gíà mi láti tún un ṣe, wọ́n fi síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìgbà tí mo lọ gbé e wọn ò tíì tú nọ́ọ̀tì kan. Mẹkáníìkì tó wá ṣe é lẹ́yìn náà, ọmọ Mẹ́síkò tó ti dàgbà, ó ń tú nǹkan ó ń tò ó sórí aṣọ funfun ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, mo kàn jókòó tì í ni, mo ń wò ó.

Ohun tí kò dáa: kò sí airbag, kò sì ní sí. Mo fi síítì bẹ́ẹ̀tì olókùn mẹ́ta sí iwájú, àmọ́ mi kì í gbé ọmọ kékeré sínú ẹ̀ lórí fríwèé, mọ́tò míì wà fún ìyẹn. Ó ń mu epo, epo octane 93 ni mo sì ń rà fún un nítorí compression ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ronú àti gba nọ́ńbà antique (ti mọ́tò àtijọ́) ti Texas, ẹ rántí pé àfihàn àti eré ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá fẹ́ máa wà á lọ síbi iṣẹ́, nọ́ńbà gidi ni kó gbà. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dá òun dúró síbi tó ti ń ra epo kó má rà á o, torí gbogbo bàbá tó bá rí i ló ní irú ẹ̀ rí, tàbí kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní in, mo sì máa ń dúró gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ wà á lọ sí Woodward Dream Cruise, àpéjọ àwọn mọ́tò àtijọ́ ní agbègbè Detroit, Sátidé kẹta nínú August, wọ́n ti ń ṣe é láti 1995 lórí títì Woodward tí wọ́n ti máa ń sá àwọn mọ́tò wọ̀nyí láyé ìgbà yẹn. Ó lé ní 1,200 máìlì láti ibi tí mo wà yìí. Róbà tó ń gbé epo láti tànkì ló kù kí n pààrọ̀ pátápátá kí n tó lọ, torí ẹtanọ́ọ̀lù inú epo ìsinsìnyí máa ń jẹ róbà àtijọ́, mo ti ra èyí tó lè gbà á, oṣù tó ń bọ̀ la máa sọ tànkì kalẹ̀.